Ìkìlọ̀: àpótí "power saver" tí wọ́n ń tà kiri, ẹ má rà á o

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ń ra yúníìtì láàárọ̀ tí ẹ sì ti ń wojú mítà kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn kan ti tún gbé àpótí funfun kékeré kan dé. "Power saver" ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní iná bíńtín aláwọ̀ ewé níwájú. Wọ́n á ní kí ẹ ṣáà kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó parí, owó iná yín á wálẹ̀ sí ìlàjì. Irọ́ ni. Bí ẹ ò bá ráyè ka ìyókù, ẹ dì í mú pé irọ́ ni, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ní Ìbàdàn níbí, mo ti rí i nínú ọkọ̀ èrò, mo ti rí i níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ti rí i lórí WhatsApp àwọn ìyá ìjọ. Ti Facebook ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: fọ́tò Elon Musk ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, àfi bíi pé ọkùnrin náà ò níṣẹ́ méjì ju kó máa ronú owó iná àwọn ará Mọ́níyà lọ. Èyí tó wọ ilé tiwa, ọ̀dọ́kùnrin kan ló gbé e wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní, ó fi káàdì kọ́ ọrùn. Ẹni tí ò bá wo káàdì náà dáadáa á rò pé ilé iṣẹ́ iná ló rán an. Kò sọ pé ibẹ̀ lòun ti wá. Kò sì sọ pé òun ò ti ibẹ̀ wá. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ kú ìfaradà owó iná, mà." Ta ni ò ní dá a lóhùn?

Wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dé. Láti 2020 ni NERC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, ti pín wa sí Band A dé Band E, wákàtí tó yẹ kí iná fi wà lóòjọ́ ni wọ́n fi pín in: ó kéré tán 20 fún A, 4 péré fún E. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó àwọn ará Band A kúrò ní nǹkan bíi náírà 68 lórí yúníìtì kan, ó di 225. Ariwo ta, ó wálẹ̀ sí 206.80 ní oṣù karùn-ún, ó tún gòkè sí 209.50 ní oṣù keje. Ẹ wá fi VAT 7.5% lé e. Ẹni tó bá fi 5,000 náírà ra iná ní 209.50 yẹn, yúníìtì 22 àti díẹ̀ ló máa bá lójú mítà. Látìgbà náà ni gbogbo ilé ti di kóòtù: ta ló ń lọṣọ lọ́sàn-án gangan, ta ló gbàgbé hítà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀, kí ló dé tí ọmọ Ìyá Ṣadé ò lè sùn láìtan gílóòbù. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá wọlé tó ní òun ní ohun tó lè dín owó iná kù, wọn ò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó.

Alhaja tó ni ilé wa ra méjì, 18,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́kùnrin náà tún fẹ́ kí wọ́n ra ẹ̀kẹta, ó ní wáyà mẹ́ta ló wọ ilé láti ojú òpó, wáyà kọ̀ọ̀kan ló sì yẹ kó ní tirẹ̀. Owó ọwọ́ wọn ni kò tó. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ọjà ti wọ ilé, ẹni tó tà á ti lọ. Mo bẹ Alhaja pé kí wọ́n jẹ́ kí n tú ọ̀kan wò. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mo kọ́ kí n tó bọ́ sí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọwọ́ mi ò sì tíì gbàgbé ṣíṣí nǹkan. Wọ́n ní bí mo bá bà á jẹ́, màá san án. Mo ní mo gbà.

Kapásítọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé yẹn àti pátákó pẹlẹbẹ tó gbé e dúró. Ó tán. Kapásítọ̀ náà lẹ mọ̀ o, irú èyí tí oníná máa ń ní kẹ́ ẹ lọ rà wá bí fáànù òkè ò bá yí dáadáa mọ́. Ẹ dé Ògùnpa, ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń tà á, ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, tàbí kẹ́ ẹ sunkún. Mo tiẹ̀ ti rí òmíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní àdúgbò Challenge tí kò ní kapásítọ̀ kankan nínú. Iná aláwọ̀ ewé nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó wá dín iná kù ló wá di ọ̀kan lára àwọn tó ń jẹ iná.

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Olùtajà á gbé fáànù kékeré kan jáde, á fi ẹ̀rọ tó ń ka amp, ìyẹn bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá ṣe pọ̀ tó, há wáyà tó ń gbé iná wá sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà á yọ. Á ki àpótí náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà á já wálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Kò fi òògùn sí i, òótọ́ ni nọ́ńbà yẹn já. Àmọ́ mítà ilé yín kì í gba owó amp lọ́wọ́ yín. Wátì àti àkókò ló ń kà: 1,000 wátì fún wákàtí kan, yúníìtì kan nìyẹn. Ohun tó bá ní mọ́tò nínú, bíi fáànù àti fíríìjì, máa ń fa iná díẹ̀ wọlé ju èyí tó lò lọ, á sì dá ìyókù padà sójú wáyà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àlejò tó wọlé, tó kí wa, tó jáde láìfọwọ́ kan oúnjẹ ni iná yẹn. Kapásítọ̀ á dá irú àlejò bẹ́ẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, èrò á dín kù nínú wáyà, amp á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà ò ka àlejò, àwo oúnjẹ tó jáde ní ilé ìdáná ló ń kà, iye àwo náà ò sì yí padà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Láti 2009 ni NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, ti ṣàlàyé pé irú ẹ̀rọ yìí kò lè dín owó iná ilé gbígbé kù. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa bi mí pé ṣebí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń lo kapásítọ̀. Wọ́n ń lò ó lóòótọ́. Mọ́tò gìrìwò ni tiwọn, ní ọ̀pọ̀ ibi wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn lórí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan, ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Bí ọ̀kan bá ti wà nílé yín, ẹ dán an wò. Ẹ wo ojú mítà, iná pupa kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n máa ń kọ 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh sí ìtòsí rẹ̀, iye ìgbà tó máa ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó lọ nìyẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé. Ẹ bu omi tútù kún kẹ́tù, ẹ tan kẹ́tù náà nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbà tí iná pupa yẹn ṣẹ́jú. Kẹ́tù 2,000 wátì lórí mítà 1000 imp/kWh á mú un ṣẹ́jú nǹkan bí 100 ìgbà. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ bu tútù míì, ẹ ki àpótí náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tún kà á. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù ṣe é, torí áyọ́ọ̀nù máa ń pa ara rẹ̀ bó bá ti gbóná, á sì da ìṣirò rú. Ẹ sì ṣe ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì tẹ̀ léra, kí iná má tíì lọ sókè tàbí kó rẹlẹ̀ láàárín wọn. Níwájú Alhaja ni mo ti ṣe é. Wọ́n kà á fúnra wọn, wọ́n ní kí n tún un ṣe, wọ́n tún kà á, iye kan náà ni. Wọ́n wá dákẹ́, wọ́n ní ṣé mo mọ ilé ọmọ náà.

Kí ló wá dé táwọn kan fi ń búra pé tiwọn ń ṣiṣẹ́? Ó rọrùn. Ẹni tó bá ra àpótí náà lónìí, láti òní náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa gílóòbù tó ń jẹ́ kó máa tàn tẹ́lẹ̀, torí ojú rẹ̀ ti là sí mítà. Ẹlòmíì, iná àdúgbò rẹ̀ ló rẹlẹ̀ lóṣù yẹn. Bí iná bá rẹlẹ̀, kẹ́tù àti áyọ́ọ̀nù kì í jẹ tó bó ṣe yẹ, omi á pẹ́ kó tó hó, yúníìtì á sì rọra máa lọ. Baba kan ládùúgbò wa tiẹ̀ dúró níwájú gbogbo wa pé yúníìtì tòun ò kúrò lójú kan fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, àpótí náà mà ga o! Ìyàwó wọn ló rán wọn létí pé tíránsífọ́mà bàjẹ́ lọ́sẹ̀ náà.

Bẹ́ ẹ bá pe olùtajà, èsì tó wà lẹ́nu wọn ni pé ẹ̀rọ náà nílò oṣù mẹ́ta kó tó mọ ilé yín. Kí ni kapásítọ̀ fẹ́ mọ̀ nípa ilé èèyàn? Kí oṣù mẹ́ta tó pé, nọ́ńbà fóònù á ti kú, wọ́n á ti bọ́ sí àdúgbò míì.

Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé èyí tí mo tú ò ní fíúùsì kankan. Ike rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kapásítọ̀ inú rẹ̀ ti ń wú díẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Iná tiwa tó máa ń dédé ta gìrì lọ sókè, nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà lóru, tí gbogbo ilé ti sùn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè gbiná lára ògiri. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Kapásítọ̀ lè ṣì gbé iná sára lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Ẹ tún kíyè sí ohun kan. Nígbà tí Alhaja rojọ́ lórí fóònù, kó tó di pé nọ́ńbà náà kú, ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun ní "ẹ̀gbọ́n" kan tó lè wá bá wọn fọwọ́ kan mítà díẹ̀, wọn ò ní ráhùn mọ́. Ọjà gidi tí àwọn kan nínú wọn ń wá tà nìyẹn. Jíjí iná gbé nìyẹn o, òfin iná ti 2023 sì dá ìyà rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ ò ní rí ẹ̀gbọ́n náà bá yín lọ.

Ohun tó ń jẹ iná ò farasin. Hítà, kẹ́tù, áyọ́ọ̀nù, sítóòfù oníná: ohun tó bá ń gbóná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. AC 1hp náà ò jìnnà sí yúníìtì kan ní wákàtí kan bó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Gílóòbù LED 9 wátì lè tàn ju 100 wákàtí lọ kó tó jẹ yúníìtì kan, gílóòbù pupa àtijọ́ 60 wátì ò ní lò tó wákàtí 17. Ẹni tó fẹ́ fi 18,000 ra àpótí, kó fi ra gílóòbù LED yí gbogbo ilé ká, owó á ṣẹ́kù.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ tọ́jú ìwé owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ àti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́. FCCPC ni àjọ tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà, ẹ kọ ọ́ sí wọn. Tó bá jẹ́ pé ilé ìtajà tó ní àdírẹ́sì lẹ ti rà á, ẹ gbé e padà lọ bá wọn, kẹ́ ẹ mú kẹ́tù dání.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún rí ọ̀dọ́kùnrin náà ní òpópó kejì sí tiwa. Ó ti kúrò ní funfun, aláwọ̀ dúdú ló ń tà báyìí, iná méjì ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ti di 22,000. Fáànù yẹn náà ló ṣì gbé dání. Mo ní kó fi kẹ́tù dán an wò fún wa. Ó ní kẹ́tù ò sí lára ohun tí ẹ̀rọ òun ń bá ṣiṣẹ́. Mo ní áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Ó ní áyọ́ọ̀nù náà ò sí níbẹ̀. Hítà ńkọ́? Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má ba ọjà òun jẹ́.