Ìtọ́jú ẹ̀rù ìta tí mo gbà l'Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ gbọ́ bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n á ti fún un ní nǹkan kan lò lálẹ́, kí ẹ̀rù ìta sì ti lọ kílẹ̀ tó mọ́, kó má wulẹ̀ náwó ẹ̀ síbí. Mo tètè sọ ọ́ torí pé látìgbà táwọn kan ti rí mi níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sábó ni fóònù mi ò ti sinmi, gbogbo wọn ló ń bèèrè pé "oògùn wo lo lò?" Kì í ṣe oògùn o. Sàíkọ́lọ́jíìsì ni mo sanwó fún, obìnrin kan tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń jáde nílé, ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Vídíò WhatsApp ló fi ń bẹ̀rẹ̀, tó bá yá á wá bá yín nílé, ẹ ó jọ jáde. Owó ara mi ni mo fi san án, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní kọ́bọ̀ kí n tó kọ eléyìí.

Télọ̀ ni mí. Apá Takie ni sọ́ọ̀bù mi wà tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá mọ Takie á mọ bó ṣe máa ń rí, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Marwa, Micra, gbogbo ẹ̀ á há mọ́ra wọn. Orí ìlà ní báńkì ni ẹ̀rù yìí ti kọ́kọ́ ki mí mọ́lẹ̀. Àyà mi ṣàdédé ń lù kìkìkì, ọwọ́ mi kú tipiri, òòyì ń kọ́ mi, èémí ò délẹ̀, mo ṣá gbà pé ó ti parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà mi ò wọ báńkì mọ́. Lẹ́yìn báńkì ó kan ọjà, ó kan ṣọ́ọ̀ṣì, ó kan kẹ̀kẹ́, nígbà tó yá mo kó másíìnì wá sílé, mo ní owó sọ́ọ̀bù ló wọ́n. Kásítọ́mà ń wá bá mi, Bọ́lá ọmọ mi ń lọ ra òwú àti síìpù, kò sẹ́ni tó fura. Bí agoraphobia, ìyẹn ẹ̀rù ìta yìí, ṣe ń ṣe nìyẹn, èèyàn á máa sọ̀rọ̀ gidi, á máa ránṣọ, á máa bá ọmọ wí, ṣùgbọ́n kò ní lè kọjá géètì.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí lọ́dọ̀ wọn ni pé wọn ò sáré gbowó. Sàíkọ́lọ́jíìsì yẹn (Àǹtí ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyá Bọ́lá) ní kí n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ná, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ mi kéré, kí wọ́n wo thyroid tó wà lọ́rùn, kí wọ́n wo ọkàn mi, torí pé àwọn nǹkan yẹn náà lè mú kí àyà èèyàn máa lù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ ń bi mí pé báwo ni mo ṣe dé ilé ìwòsàn? Dádì Bọ́lá ló gbé mi, mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, mo fi gèlè bojú lọ bojú bọ̀. Gbogbo ẹ̀ ló jáde dáadáa. Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè: ọkọ̀ èrò ńkọ́, ibi gbalasa ńkọ́, ibi tí wọ́n pa dé bíi gbọ̀ngàn, orí ìlà tàbí àárín èrò, kí n dá nìkan wà níta. Ó ní tí ẹ̀rù méjì nínú márùn-ún yìí bá ti ń ba èèyàn fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé kò lè ṣe nǹkan tó yẹ kó ṣe, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ojo. Èmi, máràrùn-ún ni.

Ìyá ọkọ mi ń gbọ́ wa láti pálọ̀. Màmá ní ayé ló ń ṣe mí, ẹnì kan ló ń jowú iṣẹ́ mi ní Takie. Àǹtí ò bá wọn jiyàn o, ó kàn ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà kan wà ní Jámánì, Carl Westphal, ọdún 1871 ló kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin tí wọn ò lè dá sọdá gbàgede ìlú, àyà wọn á máa já bíi ti Ìyá Bọ́lá." Màmá dákẹ́, wọ́n wá ní "Àwọn òyìnbó náà?" Látìgbà náà wọn ò dárúkọ ayé mọ́, ó kéré tán létí mi.

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo gbà níbẹ̀ rèé. Àǹtí ní nígbà tí ẹ̀rù náà bá dé, ara ló ń tú adrenaline síta, èròjà tó ń mú kí àyà máa lù, ẹ̀rù náà máa ń ga dé òkè láàárín bí ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á máa wálẹ̀ fúnra ẹ̀, bí mo sá, bí mi ò sá. Ṣùgbọ́n èmi ti máa ń sá kó tó wálẹ̀. Tí mo bá sá wọlé tí ara sì tù mí, ńṣe ni ara ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ló gbà mí, ìta ló fẹ́ pa mí, tó bá di ọjọ́ mìíì ẹ̀rù á tún lé sí i. Mo ní ṣé mi ò ní dákú sójú títì ni? Ó ní kéèyàn tó dákú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń já wálẹ̀, nígbà tí àyà bá sì ń já báyìí, gígòkè ló ń gòkè, ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n kéèyàn dákú nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí láǹfààní ju gbogbo "fọkàn balẹ̀" tí wọ́n ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

Iṣẹ́ ilé wà o. Ó ní kí n máa pòòyì ní pálọ̀ títí òòyì á fi kọ́ mi, kí n máa mí gba inú sítírọ́ọ̀, kí n sáré lójú kan kí àyà mi lè lù, kí ara lè mọ̀ pé àyà tó ń lù ò pààyàn. Ọjọ́ tí Màmá ká mi mọ́ ọn, wọ́n ní "Ìyàwó, kí ló dé tó ò ń yí bí òkòtó?" Mo ní dókítà ló ní kí n ṣe é. Wọ́n mi orí, wọ́n padà síbi ẹ̀gúsí tí wọ́n ń ṣà.

Ó wá kan ìwé. Gbogbo ibi tí mi ò lè lọ, mo kọ wọ́n sílẹ̀, mo fún wọn ní máàkì láti 0 dé 10. Ẹnu géètì, 2. Aláta tó kọjú sí wa, 3. POS tó wà ní jọ́ńkíṣọ̀n, 5. Kẹ̀kẹ́ Marwa, 7. Ọjà Jagun, 8. Ìlà báńkì, 10, mo tiẹ̀ fẹ́ kọ 15. Ìsàlẹ̀ la ti ń gùn ún lọ sókè, òfin ẹ̀ ò sì ju ọ̀kan lọ: mi ò gbọdọ̀ padà sílé nígbà tí ẹ̀rù wà lókè, àfi kí n dúró kí máàkì yẹn wálẹ̀ dé bí ìdajì.

Ti POS yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Àǹtí dúró sábẹ́ igi máńgòrò lódì kejì títì, kò sún mọ́ mi. Ọmọ tó ń ṣe POS gba káàdì mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní "Ìyá Bọ́lá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò lọ o, ẹ fún un níṣẹ́jú díẹ̀ mà." Káàdì mi ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò lè sá. Àyà bẹ̀rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi, mo tẹjú mọ́ nǹkan róbótó tó ń yí lójú másíìnì, lọ́kàn mi mo ń ka máàkì, 7, 8, 8, 8. Bàbá kan dé, òun náà fẹ́ gbowó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú báńkì wọn, pé owó tí wọ́n yọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè ò tíì padà, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, èmi ṣáà dúró. Ìgbà tí mo máa tún yẹ ara mi wò, 6. Nígbà tó yá, 4. Màṣíìnì wá pọ bébà jáde, "Declined," pé owó ò jáde. Mo bú sẹ́rìn-ín níbẹ̀, ọmọ yẹn rò pé owó ló tán lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí gba Aboniki lọ́wọ́ mi. Mo máa ń mú un dání, tí àyà bá ti já màá fà á símú. Ó ní Aboniki yẹn ń parọ́ fún mi pé òun ló ń gbà mí. Omi inú ike tí mo máa ń gbé, ó gbà á. Bọ́lá tó máa ń tẹ̀ lé mi, ó ní kó jókòó sílé. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ náà, mo ní "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó ní rárá mà, ẹ ṣáà máa lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lowó tí mo san wà, torí ọ̀rọ̀ orí vídíò yẹn, èèyàn lè rí i kà níbòmíì, ṣùgbọ́n ẹni tó máa dúró lódì kejì títì tí kò ní sáré wá dì yín mú, ẹ ò lè rí ìyẹn láàárín ẹbí. Ẹbí á káàánú yín ni. Ó tiẹ̀ pe Dádì Bọ́lá sí jókòó kan, ó ní kí wọ́n yéé bá mi lọ sọ́jà, kí wọ́n yéé bá mi gba owó kásítọ́mà. Wọ́n gbà, àmọ́ ojú wọn kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀sùn tèmi náà wà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ gùn bí kí ló dé, òyìnbó pọ́ńbélé, Bọ́lá ló bá mi kà á. Ọmọkùnrin tó ń gbé fóònù wọn ní "Màdáàmù, ẹ ní láti wá sí ọ́fíìsì wá fọwọ́ sí i." Ẹ gbà mí! Ẹni tí kò lè dé ẹnu géètì! Àǹtí ló padà bá mi yanjú ẹ̀. Vídíò náà, tí òjò bá ti ṣú, ojú Àǹtí á gan pa, ohùn á máa já, ìṣẹ́jú tó fi já sì wà lára owó yín. Owó jókòó orí fóònù ò ju iye tí mò ń gbà rán ìró àti bùbá léèsì kan, ṣùgbọ́n tilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì, owó mọ́tò ẹ̀ láti Under G, èmi ni.

Nípa oògùn, wọn kì í kọ ọ́ fún èèyàn. Ará ilé kan ti máa ń ra Valium fún mi tẹ́lẹ̀ láìsí ìwé dókítà, Àǹtí ní ìyẹn ò ṣe é lò pẹ́, ó máa ń di bárakú. Ẹni tí tiẹ̀ bá le jù, wọ́n á kọ̀wé fún un lọ rí dókítà ọpọlọ, ìyẹn lè fún un ní irú sertraline, kò sì yẹ kó retí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ kejì o, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ̀rù náà tún gbé mi nígbà Kérésì, ní Ọjà Jagun, níbi tí èrò ti pọ̀ jù. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Mo dúró síwájú ìyá tó ń ta báàgì, mo ń bèèrè iye tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ títí ó fi wálẹ̀, mo padà ra ọ̀kan tí mi ò nílò. Mo ti tò ní báńkì. Ọkọ̀ Ìbàdàn láìsí ẹni tó bá mi lọ, ìyẹn ṣì wà lókè ìwé mi, a ó dé ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa pè wọ́n, ẹ ra dátà tó pọ̀, ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé Yorùbá lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹni tó máa bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù náà ló máa wá sílé. Sátidé máa ń kún, mid-week ló dáa. Fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí WhatsApp, ẹ má gbà kí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá sí ọ́fíìsì.