Abẹ́rẹ́ oxytocin tàbí oníhóró misoprostol: èwo la fi ń dènà ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ?

Méjèèjì ń mú kí ilé ọmọ súnkì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ibi tí obìnrin ti ń bímọ ló máa ń pinnu èyí tó yẹ.

Níbi tí fíríìjì àti agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ bá wà, bíi ọsibítù nínú Àkúrẹ́, oxytocin ni kẹ́ ẹ mú. Yúnìtì 10 ni wọ́n ń gún sí itan ìyá láàárín ìṣẹ́jú kan tọ́mọ délẹ̀. Àmọ́ ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ló yẹ kó wà. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, omi inú ìgò ò ní yí àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á ti dín kù. Wọ́n á gún un, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa ya. Ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù jù.

Ní àwọn ìletò orí omi ní Ìlàjẹ, tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa wọ̀ dé ọsibítù, misoprostol ló yẹ. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i fún iṣẹ́ yìí láti 2006. Hóró 3 oní-200 máíkírógíráàmù ni ìyá ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè fa gbígbọ̀n, ara gbígbóná tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má yọ ọ́ nínú páálí rẹ̀ ṣáájú àsìkò, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yẹ ikùn wò: tí ìbejì bá ṣì kù nínú, èyíkéyìí nínú oògùn méjèèjì yìí lè fa ilé ọmọ ya.