ÌKÌLỌ̀: Ráàkì sítíárìn tòkúnbọ̀ tí wọ́n kùn lọ́dà ní Ìkòròdú, ẹ tú bùútù rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wa Camry Big Daddy, Sienna àtijọ́ àti Corolla tó ti pẹ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó ra ráàkì, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀ tó ń darí táyà iwájú tí ẹ bá yí sítíárìn, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olè ni wọ́n ní ìsọ̀ tí mo ti ra tèmi. N kò ní dárúkọ ìsọ̀ náà níbí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ṣágámù ló wà.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ Camry mi kò ju pé ọ́ìlì sítíárìn ń dín kù, ilẹ̀ abẹ́ ẹ́ńjìnnì ń pọ́n láàárọ̀, tí mo bá sì yí sítíárìn dópin, á máa ké. Ọkùnrin tó wà ní ìsọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó nàka sí ráàkì tí ọ́ìlì ti rin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ráàkì ti kú." Kò fọ nǹkan kan, kò nu nǹkan kan, kò tan iná wo òkè. Ṣé ọ́ìlì máa ń gùn lọ sókè ni? Ráàkì ló wà nísàlẹ̀, ohunkóhun tó bá jò lókè, orí rẹ̀ ni yóò bọ́ sí! Họ́ọ̀sì pírẹ́ṣọ̀, èyí tó ń gbé ọ́ìlì láti ara pọ́ǹpù lọ sí ráàkì, ló ń jò, ní ọrùn irin tí wọ́n fi pa rọ́bà mọ́ páìpù. Họ́ọ̀sì lásán. Ó sì gba ẹgbẹ̀rún 95 náírà lọ́wọ́ mi fún ráàkì.

Ráàkì tó tú kúrò lára ọkọ̀ mi ńkọ́, èyí tí nǹkan kan kò ṣe? Ó ní kọ́ńdéèmù ni, òun á bá mi jù ú nù. Kí ló fẹ́ fi kọ́ńdéèmù ṣe? Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti kùn ún, ó ti tà á fún ẹlòmíràn. Èmi ni mo sanwó fún un kó tó gba nǹkan mi lọ!

Ẹ wá gbọ́ nípa èyí tó tà fún mi. Wọ́n ti fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọ̀dà sílífà fín in, wọ́n wá fi bùútù tuntun, rọ́bà tó ń kákò tó ń nà ní etí ráàkì, bò ó lápá méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n, Belgium gidi ni, ẹ wo bó ṣe ń dán." Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn ní Ìtamága tú bùútù yẹn, gíríìsì ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ọ́ìlì pupa ti pò mọ́ ọn, ó sì ń dà sílẹ̀. Inú bùútù yẹ kó gbẹ! Gíríìsì díẹ̀ lára bọ́ọ̀lù ráàkì ẹ́ńdì, oríkèé tó wà ní etí ráàkì, nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ti rí ọ́ìlì, síìlì inú ráàkì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì kó má jáde, ti lọ nìyẹn. Ṣáàfù, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ráàkì, tó yẹ kó dán bíi dígí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ ní ihò-ihò, wọ́n wá fi sánpépà ha orí rẹ̀. Àwọn ihò yẹn a máa gé síìlì nígbàkígbà tí ẹ bá yí sítíárìn. Bí ẹ tilẹ̀ fi síìlì tuntun sí i, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi jò. Ohun tó ń fà á kò ṣòro: bùútù ya nínú kòtò, omi àti iyanrìn wọlé, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìjẹdè mọ ohun tí mò ń sọ. Irú ráàkì bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló yẹ kó gbé e lọ. Òun ló kùn lọ́dà. Òun ló tà fún mi.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ohun tó dà sínú ọkọ̀. ATF, ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ọ́tò, ni wọ́n ń lò fún sítíárìn Camry yìí, Dexron II tàbí III, pupa ni. (Ẹ̀yin tí ẹ ní Honda, ẹ má da ATF sí tiyín o, ọ́ìlì sítíárìn Honda gan-an ni kí ẹ lò.) Nígbà tó de ráàkì tán tó rí i pé ó ń jò, ó da ọ́ìlì bíréèkì mọ́ ọn. Ọ́ìlì bíréèkì! Ó máa ń mú kí rọ́bà síìlì wú, jíjò á sì dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kò fi kán ọ́ìlì nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo tún fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lówó oúnjẹ. Nígbà tó yá, rọ́bà tó wú rọ̀, gbogbo rẹ̀ sì tú: síìlì pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì tó ń dá ọ́ìlì padà, O-ring (rọ́bà bí òrùka) ẹnu pọ́ǹpù. Họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń jò tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, kò sí rọ́bà kan nínú sítíárìn tí n kò ní pààrọ̀. Tí ẹ bá ń fura sí ọ́ìlì tiyín, ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: ATF á léfòó, ọ́ìlì bíréèkì á pò mọ́ omi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí n kò tú bùútù wò. Ta ni ń tú bùútù tuntun níwájú ẹni tó ń tà á? Bẹ́ẹ̀ sì ni, bùútù tuntun lára ráàkì àlòkù, ó yẹ kí èyí nìkan ti tó láti mú mi fura, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni olè. Ẹni tó rí ìpẹtà tó fi ọ̀dà bò ó, òun ni olè.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín pé ráàkì ti kú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi kẹrosíìnì àti omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kó gbẹ, ẹ bu ATF dé ojú ìlà, ẹ fọ́n pọ́dà ọmọdé sára họ́ọ̀sì, pọ́ǹpù àti ráàkì. Ẹ tan ọkọ̀, kí ẹnì kan máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, kó má dì í mú ní ìpẹ̀kun ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Ibi tó ga jù tí pọ́dà ti rin ló ti ń jò. Tó bá jẹ́ ìdí púlì, wíìlì tí bẹ́líìtì ń yí lára pọ́ǹpù, síìlì pọ́ǹpù ni. Tó bá ń kán síbi ẹsẹ̀ awakọ̀, síìlì òkè ráàkì ni. Tí ọ́ìlì bá ń hó, tí kò sì síbi tó rin, O-ring ẹnu pọ́ǹpù ló ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé họ́ọ̀sì pírẹ́ṣọ̀ kí wọ́n fi rọ́bà lásán àti kílíìpù so ó. Pírẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ lè ju 1,000 psi lọ, á bẹ́, bó bá sì tú sórí ẹ̀sọ́ọ̀sì gbígbóná, ó lè gbiná.

Tó bá jẹ́ ráàkì lóòótọ́, ẹ tú bùútù méjèèjì. Méjèèjì o, torí lára ọ̀pọ̀ ráàkì, páìpù tín-ín-rín kan ló so wọ́n pọ̀, ọ́ìlì apá kan lè bọ́ sí apá kejì. Ẹ yí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kó má há. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ tú u, ẹ máa lọ. Ẹ gbé ráàkì yín àtijọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti de èyí tí ẹ rà tán, kí wọ́n jáàkì iwájú, kí wọ́n yí sítíárìn lọ bọ̀ bí ìgbà 10 kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, kí afẹ́fẹ́ jáde.

Mo gbé e padà fún un, ó ní, "Tòkúnbọ̀ kò ní gáráńtì." Àwọn kan ń sọ fún mi pé kí n lọ ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀ tàbí Òwódé Onírin. Kí n lọ ṣe kí ni? Ṣebí níbẹ̀ náà ló ní òun ti rà á! N kò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́, kí wọ́n bínú kí wọ́n má bínú.

Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ irú ọkọ̀, ọdún rẹ̀ àti "steering rack" sí i, kó má jẹ́ "parts" lásán bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi. Ẹni tí ìsọ̀ ojú ọ̀nà Ṣágámù yìí bá ti rẹ́ jẹ, kó wá rìsíìtì rẹ̀ àti àwòrán ráàkì náà jáde. LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni mò ń gbé tèmi lọ, mo sì fẹ́ kí a pọ̀ níbẹ̀.