cgrulesengd, systemd àbí Ananicy: èwo ni kó máa pín CPU fún yín?

Ṣé ẹ ti wọ sáfà rí, kẹ́ ẹ tẹ ls (àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì), kó má dáhùn títí ẹ fi lọ mu omi tẹ́ ẹ dé? Ẹnì kan ló ń compile (ó ń sọ kóòdù di prógíráàmù) níbẹ̀ tó gba gbogbo CPU mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Torí irú ẹ̀ ni cgroup, ohun tí Linux fi ń pín CPU àti mẹ́mórì fún gúrúùpù prósẹ́ẹ̀sì (prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́), ṣe wà, àwọn ará Google ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, ó wọ kernel (ọkàn) Linux ní 2008, àmọ́ cgroup fúnra ẹ̀ ò mọ ẹni tó yẹ kó wọ gúrúùpù wo, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa tò wọ́n.

cgrulesengd, tó wà nínú libcgroup (àkójọ irinṣẹ́ cgroup), ni àgbà níbí. Daemon ni, ìyẹn prógíráàmù tó máa ń jókòó sẹ́yìn, kernel á ta á lólobó bí prósẹ́ẹ̀sì bá ti bẹ̀rẹ̀, á yẹ /etc/cgrules.conf wò, á gbé e síbi tẹ́ ẹ kọ. Ìlà kan tó:

@students:gcc cpu labu/

Gbogbo gcc (prógíráàmù tó ń compile) tí gúrúùpù students bá tẹ̀ dèrò cgroup labu nìyẹn. Òfin tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló máa ń tẹ̀lé o! Èmi gbé ìlà tó ní * (tó bá gbogbo èèyàn mu) sókè pátápátá nígbà kan, ọjọ́ méjì ni mo fi ń bú daemon tó ń ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́.

Ibi tó kù sí ni pé prósẹ́ẹ̀sì á ti bẹ̀rẹ̀ ná kó tó gbé e, tó bá sì jẹ́ cgroup v2 (ẹ̀dà kejì, tó jẹ́ tuntun), mẹ́mórì tó ti gbà níbi tó wà tẹ́lẹ̀ ò ní bá a lọ, gúrúùpù àkọ́kọ́ náà ló ṣì ń ru ẹrù ẹ̀.

systemd, tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń bójú tó àwọn service (iṣẹ́ ẹ̀yìn) lórí Linux, ò lé prósẹ́ẹ̀sì kiri ní tiẹ̀, inú gúrúùpù ló ti ń bí i. Ẹ kọ CPUWeight (ìpín CPU, 1 sí 10000, 100 ló máa ń wà níbẹ̀) àti MemoryMax (òpin mẹ́mórì) sínú service yín, ó parí, ó sì ti wà lórí ọ̀pọ̀ Linux láìsanwó. Àmọ́ tí yúsà bá fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ gcc nínú shell, systemd ò ní yà á sọ́tọ̀ kúrò lára vim (ibi tó ti ń kọ kóòdù), àfi tó bá fi systemd-run ṣáájú ẹ̀, ta ló sì máa rántí ìyẹn lójoojúmọ́? Ibẹ̀ ni cgrulesengd ti ju ú lọ.

Ẹ má ṣáà jẹ́ káwọn méjèèjì máa jà lórí igi cgroup kan náà. Lórí v2 systemd ló ni gbogbo ẹ̀, ẹ fi Delegate=yes gé ẹ̀ka kan fún ìkejì.

Ananicy, ti laptop nìyẹn. Àwọn èèyàn ti kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀ dè yín, nice (ipò lórí CPU) àti ionice (ipò lórí dísíìkì) ló ń yí jù, ẹ̀bẹ̀ lásán ni nice sì jẹ́, kò lè dá mẹ́mórì dúró. Ẹ mú ananicy-cpp, ẹ fi ti Python àtijọ́ sílẹ̀.

Windows lẹ̀ ń lò? Process Lasso, ó ní ọ̀fẹ́, ó ní olówó, ẹ kọ́kọ́ lo ọ̀fẹ́ ná.

Kẹ́ ẹ tó fi cgrulesengd sí i, ẹ tẹ stat -fc %T /sys/fs/cgroup. Tó bá dá cgroup2fs padà, libcgroup 0.41 ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá, ẹ wá tuntun.