Awọ ehoro àbí awọ ọ̀kẹ́rẹ́: èwo ni kí ẹ rà fún ìdẹ onírun?

Ẹni tó bá ti ń fi òwú di ìdẹ ẹja sára ìwọ̀ fúnra rẹ̀ kò nílò kí n máa ròyìn pé irun ẹran ń mí nínú omi. Ohun tó ń da olùrà láàmú ni pé awọ ehoro tí wọ́n gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ àti awọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n gé bákan náà jọra nínú ọ̀rá. Bí wọ́n bá ti gbẹ, ojú lásán ò lè sọ èyí tó máa lúwẹ̀ẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí mò ń wí ni kékeré tó ń gbé inú igbó igi páìnì ní Àríwá Amẹ́ríkà, kì í ṣe gbogbo ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ irun kúrò nílẹ̀. Ti ehoro gùn, ó sì rọ̀. Bí ẹ bá fa okùn, á lẹ̀ mọ́ ara ìwọ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, á tú ká bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Zonker, ìdẹ tí Dan Byford gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká: awọ ehoro tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ara tó ń dán, tí wọ́n dì mọ́lẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Irun ọ̀kẹ́rẹ́ kúrú, kì í tú ká tó bẹ́ẹ̀. Gbígbọ̀n ni tirẹ̀. Nínú ìṣàn tó le, níbi tí irun ehoro ti máa ń sùn tí kò ní dìde mọ́, ṣóńṣó irun ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì ń mì. Nínú adágún tó dúró jẹ́ẹ́, kò sí ohun tó tó ehoro. Mink, ẹranko kékeré onírun mìíràn, wà láàárín àwọn méjèèjì: irun kúkúrú tó kì, awọ fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí i rà, kò burú.

Wàyí o, awọ fúnra rẹ̀. Ibí yìí ni owó mi ti bọ́ sómi. Mo ra ọ̀rá ehoro dúdú kan rí, irun rẹ̀ ń kọ mànà, ó gùn dọ́gba. Mo di odidi àpótí ìdẹ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kan omi, ìrù gbogbo wọn, ìyẹn awọ tó nà kọjá ẹ̀yìn ìwọ̀, le gbagidi. Irun ń mì lókè, awọ tó wà nísàlẹ̀ kò tẹ̀ rárá. Ẹja á tẹ̀lé e, á wò ó, á yí padà. Nígbà tí wọ́n sì gbẹ, awọ náà sán níbi tí òwú ti fún un, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Ó ní irun ni òun ń tà, òun kì í ta awọ.

Awọ ehoro nípọn ju ti ọ̀kẹ́rẹ́ lọ láti ilẹ̀ wá, nínípọn rẹ̀ kò sì dọ́gba: ti ẹ̀yìn ki ju ti ikùn lọ. Bí ẹni tó ṣe é kò bá ha á dáadáa, tàbí tí omi aró bá gbóná jù, awọ á súnkì, á le. Irun ehoro funfun ló sì ń gba aró jù, nítorí náà òun ni wọ́n máa ń rì sínú ìkòkò aró ṣáá. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í sábà kó sínú wàhálà yìí. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ó ti ń tẹ̀ kí irun tó rẹ tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, tàbí ní kété tí ọ̀rá bá dé ọwọ́ yín bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ká a sí méjì. Bó bá dún, tàbí tí ilà funfun yọ níbi tó ti ká, ẹ dá a padà. Ẹ rì ẹyọ kan sínú ife omi, kí ẹ sì fi ìka méjì di ìdí kan rẹ̀ mú: èyí tó dára á rọ̀ wálẹ̀ láìpẹ́, èyí tí kò dára á nà gbọọrọ síbẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí irun kọjú sí. Ó gbọ́dọ̀ sùn tẹ̀lé gígùn awọ. Bí wọ́n bá gé e wọ́, irun á pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdẹ á sì máa fẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́. (Èyí tí wọ́n dìídì gé ní ìdábùú wà fún yíyí mọ́ ìwọ̀. Kò wúlò fún ìrù.)

Ẹni tó ti ra èyí tó nípọn lè fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì fi abẹ gé ìparí rẹ̀ ní ṣóńṣó. Láti ìsàlẹ̀ awọ ni kó ti gé e o, àlùmọ́gàjí á gé irun mọ́ ọn. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ra irun torí kó lè máa ha awọ?

Ẹjọ́ kejì tí mo ní pẹ̀lú ehoro ni ìrù tó ń lọ́ mọ́ ìwọ̀. Bí ìrù bá gùn jù, bí ẹ ṣe ń ju okùn ni á máa wé mọ́ ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀. Ìdẹ á máa pòyì wá lábẹ́ omi, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi fà á jáde. Okùn nílọ́ọ̀nù tí ẹ bá ká ní òrùka kékeré sábẹ́ ìrù máa ń gbé e sókè díẹ̀. Scott Sanchez gba ọ̀nà mìíràn nínú ìdẹ rẹ̀ tó ń jẹ́ Double Bunny: ó fi gọ́ọ̀mù lẹ awọ méjì pọ̀, awọ kọjú sí awọ, ìwọ̀ wà láàárín. Kì í tètè lọ́, ṣùgbọ́n omi tó ń mu pọ̀, ọ̀pá fẹ́lẹ́ kò lè jù ú. Ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ fúyẹ́, ó kúrú. Ẹjọ́ yìí kì í pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ wo Slumpbuster, ìdẹ ti John Barr. Awọ ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí ẹ̀yìn, ó sì tún yí awọ kan náà mọ́ ọrùn. Ẹ fi ehoro tó nípọn dán ìyẹn wò, ẹ ó rí bí orí ìdẹ yẹn ṣe máa wú.

Fífẹ̀: mìlímítà 3 tó fún ọ̀pọ̀ wa, ti mìlímítà 6, ẹja ńlá ló wà fún. Àwọ̀: bó bá jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ ọsàn tó ń tàn lẹ fẹ́, ẹ má wo ọ̀dọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́, irun rẹ̀ ṣókùnkùn látilẹ̀ wá.

Ẹni tó ń wá ẹja ńlá nínú adágún, tí ọ̀pá rẹ̀ le, tó sì lè fọwọ́ kan awọ kó tó sanwó, kó ra ehoro; kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó ń pẹja nínú odò tó ń ṣàn, tó ń rajà láìfojú rí i, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìdẹ dídì, kó mú ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni kejì yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mí. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ fún un dáadáa nínú omi kí ẹ tó kọ́kọ́ jù ú, kí afẹ́fẹ́ inú irun lè jáde. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ má dá a padà sínú àpótí ní tútù: awọ á jẹrà, ìwọ̀ á dógùn-ún.