Korobá Ọbẹ̀ ní Ladypool Road: Àwa Márùn-ún àti Balti ní Birmingham

Kí n tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́rì tí mo mọ̀ ni èyí tó wà nínú agolo kékeré, tí màmá mi máa ń gbọ̀n sínú ọbẹ̀ adìẹ pẹ̀lú táìmù, tí a sì máa ń bù sí fúráídì ráìsì lọ́jọ́ Kérésì kó lè pọ́n rúsúrúsú. Nígbà tí ará ibi iṣẹ́ mi kan kọ́kọ́ ní ká lọ jẹ kọ́rì, ẹ̀rín ni mo fi rín. Ta ní ń jókòó jẹ èròjà ọbẹ̀?

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé Coventry, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, àwa márùn-ún kóra jọ lálẹ́ Sátidé, ó di ilé kọ́rì kan ní Ladypool Road, ní Birmingham. Èmi ni, Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì, àbúrò kan láti Ìjẹ̀bú-Òde tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàwé, àti Ẹ̀gbọ́n tó ti ń gbé Birmingham láti ọdún 1994. Mi ò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà, nítorí ọ̀rọ̀ bíìlì tí mo máa sọ níwájú. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi olówó ńlá, kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ike gbé oúnjẹ fúnni lójú fèrèsé. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, bébà wà lórí aṣọ funfun.

Ẹ̀gbọ́n ló mú ibẹ̀. Láàárín Ladypool Road, Stratford Road àti Stoney Lane ni wọ́n ń pè ní Balti Triangle, ìyẹn ibi onígun mẹ́ta tí àwọn alásè balti, oríṣi kọ́rì kan tí wọ́n ń fi abọ́ irin sè, kóra jọ sí. Ó ní ìgbà tí òun dé, èèyàn ò lè rin ìrìn ogún ẹsẹ̀ kí òórùn àlùbọ́sà díndín má kọlu òun. Báyìí, wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Aṣọ ìyàwó tó ń dán yinrin ló kún ojú fèrèsé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí a kọjá, Ìyá Ìbejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá wa débi oúnjẹ.

Agogo méje la ti ní kí wọ́n fi tábìlì sílẹ̀ fún wa. Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì la jókòó, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n sì fi wá sí. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá wọlé, òtútù á bá a wọlé. Mo bọ́ kóòtù, mo tún un wọ̀, títí mo fi jẹun tán. Ohun kejì tí kò bá wa lára mu ni pé Ẹ̀gbọ́n ti kó ìgò sítáòtù mẹ́rin sínú báàgì, torí ó gbàgbọ́ pé gbogbo ilé balti ló máa ń gbà kí èèyàn gbé ọtí tirẹ̀ wá. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ta ọtí, àwọn kan sì máa ń gbà kí oníbàárà gbé tirẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n níbí, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé àwọn ò fẹ́ ọtí rárá. Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì padà sínú mọ́tò, ó wo wá bíi pé àwa la kọ ọ́ síbẹ̀.

Àbúrò wa, tí Zee World ti wọ̀ lára láti ilé, rí wétà wa, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ní "namaste!" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní Birmingham ni wọ́n ti bí òun, Kashmir ni bàbá òun ti wá, mùsùlùmí sì ni òun. Ìyá Ìbejì, ọmọ Ìbàdàn, kàn rọra ní "salaamu alaekum", láti ìgbà náà ló ti di pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi tútù ń kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe àbúrò nìkan ló máa ń ṣi àwọn èèyàn yìí mú. Gbogbo ilé kọ́rì la ń pè ní ilé oúnjẹ Íńdíà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn ará Bangladesh, pàápàá àwọn tó ti Sylhet wá, ni púpọ̀ nínú wọn wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti balti yìí, àwọn ará Pakistan àti Kashmir tó ń gbé Birmingham ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín ọdún 1970 sí 1979.

Popadom ló kọ́kọ́ dé. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe é, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu bí ìpékeré tuntun. Abọ́ ọbẹ̀ mẹ́rin ló tẹ̀lé e: máńgòrò tí wọ́n fi ṣúgà sè, àlùbọ́sà gígé, yógọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ewé míǹtì sí, àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n rẹ sínú òróró àti ata. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ mú. Ó kan, ó korò, ó ta, ó jí ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín: a ò béèrè fún un. Wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ bí ẹni ń ṣe wá lálejò ni, £1 ni ẹyọ popadom kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nínú bíìlì, £2.50 fún abọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ tètè sọ.

A tún mú àkàrà àlùbọ́sà, èyí tí wọ́n ń pè ní bhaji, £4.50, àti egungun ìhà àgùntàn tí wọ́n yan nínú ààrò, £7.50. Ẹran yìí dára o! Iná ti jó etí rẹ̀ díẹ̀, ó ń rùn bí súyà alẹ́, inú rẹ̀ sì rọ̀. Àmọ́ mẹ́rin ló wà nínú àwo, àwa márùn-ún la jókòó. Ẹ mọ ẹni tí kò kàn. Àbúrò gbé ojú sókè, ó ń wo iná orí àjà.

Ìgbà tó kan ká pe oúnjẹ gidi, àbúrò ní tikka masala, ìyẹn adìẹ yíyan nínú ọbẹ̀ oní-kìrímù, lòun fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní láéláé, ẹnìkan kì í wá sí ìdí balti kó wá jẹ tikka masala, oúnjẹ tí Robin Cook, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, pè ní oúnjẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ní ọdún 2001. Ọmọ náà yí i padà sí jalfrezi oní-edé ńlá, £15.50, òun ló wọ́n jù nínú ohun tí a jẹ, òun náà ló já mi kulẹ̀ jù. Edé ti pẹ́ lórí iná, ó ti le bíi rọ́bà, a ò sì ka ju méje lọ nínú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì wá ń kọ́ o. Ó ní ata wo ló wà lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí tí òun ò tíì jẹ rí, òun tí wọ́n fi ata rodo tọ́ dàgbà. Ó pe vindaloo, £13. Wétà bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó bá ń lọ sí ilé kọ́rì mọ̀ ọ́n. Ata tiwa, pàápàá rodo, òórùn ló fi ń kí èèyàn kó tó ta á, ó sì ń dùn bó ṣe ń ta. Ata gbígbẹ lílọ̀ ni ti vindaloo tí a jẹ yìí. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Bàbá Ìbejì gbé òkèlè mẹ́ta mì, ó ń wò wá bí ẹni pé kí ló dé. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ata náà jí ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Ó bọ́ súwẹ́tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí òtútù ti ń pa àwa yòókù. Lassi, ìyẹn yógọ́ọ̀tì mímu, oní-máńgòrò méjì ló mu tẹ̀léra, £3 ni ìkọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì tún wà lára tèmi. Ẹ̀gbọ́n ní kó má bínú, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Potogí ni, torí àwọn ló gbé ata láti Amẹ́ríkà lọ sí Íńdíà, tí wọ́n sì gbé e dé etíkun tiwa náà. Láti inú ẹran tí wọ́n ń fi fínígà àti aáyù sè ni orúkọ vindaloo ti jáde, ní Goa. Nínú èyí tó wà níwájú Bàbá Ìbejì, mi ò gbọ́ òórùn fínígà kankan.

Balti gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Korobá ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn ní èdè Urdu, ṣùgbọ́n abọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olétí méjì ni wọ́n fi gbé e wá, abọ́ kan náà tí wọ́n fi sè é lórí iná. Ó ṣì ń hó nígbà tó dé iwájú wa, etí abọ́ ti dúdú. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí kọ́rì yòókù nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé kọ́rì, wọ́n máa ń se ìkòkò ọbẹ̀ àlùbọ́sà ńlá kan sílẹ̀ láàárọ̀, bí a ṣe ń din ata sílẹ̀ fún ìnáwó. Bí ẹnìkan bá ti pe oúnjẹ, wọ́n á bu díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi èròjà tirẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí jalfrezi àti vindaloo wa fi dà bí ọmọ ìyá. Balti ní tirẹ̀, iná ńlá ni, òróró ni, ẹran tí kò ní egungun, kíákíá ló sì ń jinná. Atalẹ̀, aáyù àti tòmátì ṣì ń dá dún lẹ́nu, ọ̀kan ò bo èkejì mọ́lẹ̀. Ti adìẹ jẹ́ £12.50. Ti ẹran àgùntàn àti ẹ̀fọ́ jẹ́ £13.50, òun sì ni gbogbo wa ń na ọwọ́ sí. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀fọ́ rírò rí kò ní ṣe àlejò níbẹ̀.

Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kì í ṣe ìrẹsì. A pe náànì ńlá ti gbogbo tábìlì, £6. Wọ́n fi pátákó gbé e dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá mi, ojú ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ara ààrò alámọ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́ọ̀kì kò wúlò mọ́. A fọwọ́, a ń ya á, a ń fi gbá ọbẹ̀ bí òkèlè, ó sì jọ pé inú wétà wa dùn sí wa ju àwọn tó wà ní tábìlì kejì lọ, àwọn tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé náànì. Náànì aáyù, £4, dára díẹ̀. Ìrẹsì pilau, £4, ẹ fi sílẹ̀.

Abọ́ tó kéré jù lówó nínú ọbẹ̀ wa ni tarka dal, £9. Ẹ̀wà pupa sísè tó ti rọ̀ di ọbẹ̀ ni, wọ́n wá din aáyù àti kúmíìnì nínú òróró gbígbóná dà lé e lórí. Ìyá Ìbejì tọ́ ọ wò, ó fi ọwọ́ lu tábìlì: "Gbẹ̀gìrì rèé o! Ta ló jí gbẹ̀gìrì wa gbé?" Ó bu sí i nígbà mẹ́rin. Láti ọjọ́ yẹn, dal ni mo fi ń wo ilé kọ́rì tuntun. Ẹni tí kò lè se ẹ̀wà dáadáa, kí ni màá gbé £15.50 edé lé e lọ́wọ́ fún?

Bíìlì dé, £119.50. Ẹ̀gbọ́n, tó ti ṣe akáǹtì rí, gbé awò ojú wọ̀, ó rí i pé wọ́n ka balti àgùntàn ní méjì. Ọ̀gá ibẹ̀ wá, ó ní méjì la pè. A ní ẹyọ kan la pè. Ó ní kí a dúró, ó wọlé lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó padà wá, ó yọ £13.50, kò sì tọrọ àforíjì. Ó ku £106, £21.20 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kò wọ́n fún bí a ṣe yó, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló bà á jẹ́. A fún ọmọkùnrin wétà ní dáṣì £10 lọ́wọ́, ní tààràtà, kó má bàa gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kọjá.

Ṣé màá padà lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tí èrò ò pọ̀, kí wọ́n má fi mí sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má lọ ní ẹnì méjì, abọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín tábìlì kí gbogbo ọwọ́ dé ibẹ̀. Ẹ máa ka bíìlì. Dal tó ṣẹ́kù, wọ́n dì í fún mi nínú ike. Mo fi iṣu jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ìbejì sì pè mí lórí fóònù lásìkò yẹn gan-an, ó ní òun ò tíì lè jẹ nǹkan kan.