Pearl àti Esther: Ìkà Wo Làwọn Òǹwòran Gbè Sẹ́yìn?

Ọdún 2022 ni fíìmù méjèèjì, Pearl àti Orphan: First Kill, jáde. Méjèèjì ló padà sẹ́yìn láti sọ bí ìtàn ẹlẹ́rù kan ṣe bẹ̀rẹ̀, ìkà ènìyàn sì ni olú ẹ̀dá ìtàn.

Pearl, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìtàn fíìmù X, gbé wa lọ sí oko kan ní Texas lọ́dún 1918, lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Pearl, ọmọbìnrin inú rẹ̀, fẹ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, àmọ́ ilé há a mọ́. Ọ̀pọ̀ ló káàánú rẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé apààyàn ni. Èmi náà wà lára wọn. Nígbà tí Mia Goth, òṣèré tó ṣe Pearl, ń tú ọkàn rẹ̀ jáde láìdánudúró, mo gbàgbé ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín tó fi kádìí fíìmù náà ńkọ́? Ó pẹ́ débi pé ó di ẹkún. Martin Scorsese, gbajúmọ̀ olùdarí fíìmù, pàápàá sọ ní gbangba pé lẹ́yìn tóun wò ó, oorun ò tètè kun òun.

Ní ti Orphan: First Kill, kò sẹ́ni tó sunkún fún Esther, àgbà apààyàn tó ń díbọ́n bí ọmọdé. Isabelle Fuhrman, òṣèré tó ṣe Esther, ti lé lógún ọdún, wọ́n ní kó tún ṣe ọmọdé bíi ti fíìmù Orphan ọdún 2009. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí ìtàn yí bìrí láàárín (mi ò ní tú u), ẹ̀rín di àtẹ́wọ́. Wọ́n gbè sẹ́yìn Esther, kì í ṣe torí àánú o: àwọn tó bá nínú ilé tó wọ̀ ò sàn jù ú lọ ni.